Àáró Lásún àti Kíláàsì Ọjọ́ Sátidé

Kí ilẹ̀ tó mọ́ tán ní abà wa, ohùn Ìyá Àgbà la kọ́kọ́ máa ń gbọ́. Kì í ṣe àkùkọ o. Ọ̀lẹ ni àkùkọ tiwa, ó máa ń dúró kí Ìyá Àgbà kọ́kọ́ ké kí òun náà tó rántí iṣẹ́ rẹ̀. Ìyá Àgbà ló bí bàbá mi. Yóò jókòó sí ẹnu ilẹ̀kùn yàrá rẹ̀, orín á wà lẹ́nu rẹ̀, á wá máa pe gbogbo ará ilé ní oríkì lọ́kọ̀ọ̀kan: Àkànní, bàbá mi nìyẹn, Àbẹ̀kẹ́, ìyá mi, Àjàní, èmi alára, títí dé orí ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rá. Bó bá pè ọ́, o gbọ́dọ̀ dáhùn láti orí ẹní rẹ. Bí o bá dákẹ́, á tún un pè, ohùn rẹ̀ á sì ti yàtọ̀. Bó bá tún pè tí kò gbọ́ nǹkan kan, á dìde, á máa bọ̀ wá fojú ara rẹ̀ rí ọ. Ẹnikẹ́ni kì í bi í pé kí ló dé. Ìjàyè ni wọ́n ti bí i, ọmọdé ló ṣì wà nígbà tí ogun fọ́ ìlú náà. Láàárọ̀ ọjọ́ tí wọ́n sá, wọ́n pe àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ méjì, wọn ò dáhùn. Ìwọ̀nba ohun tó sọ fún wa nìyẹn. Mo ti dàgbà ju bó ṣe wà nígbà tó ń pè wá yẹn lọ báyìí, síbẹ̀ bí mo bá jí láàárọ̀ tí gbogbo ilé pa lọ́lọ́, mo ṣì máa ń rọra dáhùn nínú ọkàn mi.

Lẹ́yìn ohùn Ìyá Àgbà ni ariwo tó kù máa ń bẹ̀rẹ̀: ìgbálẹ̀ nínú àgbàlá, ọlọ tí ìyá mi fi ń lọ ata, ewúrẹ́ tó fẹ́ jáde, àti ikọ́ bàbá mi, tó jẹ́ pé a lè fi mọ̀ bóyá inú rẹ̀ dùn tàbí kò dùn. Iṣẹ́ tèmi ni kí n pọn omi kún ìkòkò, kí n sì sá iṣu tí ìyá mi ti bọ̀ sórí àpáta ẹ̀yìn ilé kó lè gbẹ fún èlùbọ́. Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí, ẹ ò mọ ìjà tó wà láàárín ọmọdé àti ewúrẹ́ nídìí iṣu gbígbẹ. Ewúrẹ́ dúdú kan wà nílé wa tó jẹ́ pé bí mo bá wò ó, á yíjú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan bí ẹni tí kò mọ nǹkan kan. Bí mo bá bojú kúrò báyìí, iṣu ti wà lẹ́nu rẹ̀. Mo bá a jà títí apá mi ò fi ká a mọ́. Bí iṣẹ́ àárọ̀ bá tán, iṣu sísun àti epo, iyọ̀ díẹ̀ lórí rẹ̀, la ó fi ṣínu. Mo ti jẹun nílé àwọn ènìyàn ńlá láti ìgbà náà, mi ò tíì rí oúnjẹ tó dé ibi tí iṣu yẹn dé nínú mi.

Ọdún tí mo fẹ́ sọ yìí, mo ti wà nílé ìwé gírámà ní Ìbàdàn. Ọ̀dọ̀ àwọn mọ̀lẹ́bí wa nínú ìlú ni mò ń gbé láàárín ọ̀sẹ̀. Bó bá di ọ̀sán ọjọ́ Ẹtì, màá so ṣòkòtò ilé ìwé mọ́ igi, màá gbé e kọ́ èjìká, ó di ọ̀nà Mọ́níyà. Ẹsẹ̀ ni o, ọkọ̀ wo? Kí n tó yà kúrò lójú títì sí ọ̀nà abà, oòrùn á ti fẹ́ wọ̀. Ìyá Àgbà á ti mọ ìró ẹsẹ̀ mi láti òkèèrè, á ké pe Àjàní, èmi náà á ti ibi igi ọsàn dáhùn. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, oko. Lọ́jọ́ Ìsinmi, ṣọ́ọ̀ṣì. Lọ́wọ́ ìrọ̀lẹ́, mo ti ń padà sí ìlú. Bí ọ̀sẹ̀ mi ṣe rí nìyẹn, ó sì tẹ́ mi lọ́rùn.

Nílé ìwé yẹn, tíṣà kan wà tó ń kọ́ wa ní ìṣirò. Ọmọ Èkó ni, ó ga, ó gbẹ, kóòtù dúdú ló máa ń wọ̀ bí oòrùn tilẹ̀ ń ràn bí iná. Ọ̀gá Dúró là ń pè é lẹ́yìn rẹ̀. Ìdí rẹ̀ ni pé bó bá ya igun mẹ́ta sójú pátákó dúdú tí ọmọ kan sáré nawọ́ pé, “Igun méjèèjì ìsàlẹ̀ dọ́gba, sà!” á ní, “Dúró. Ta ló sọ fún ẹ?” Ọmọ náà á ní, “Ojú mi ló rí i, sà.” Áà! Ibẹ̀ ni wàhálà wà. “Ojú ẹ ló rí i! Ojú ẹ yìí kan náà ló rí i pé oòrùn ń rìn lókè. Jókòó, kí o wá sọ fún mi ohun tó jẹ́ kó dọ́gba.” Àwọn ọmọ yòókù ń sá fún un. Èmi, kí n má purọ́, mo fẹ́ràn rẹ̀. Nígbà tí mo kọ́kọ́ rí i pé a lè ti orí ohun kan tó dájú bọ́ sórí òmíràn, títí a ó fi dé ibi tí ẹnikẹ́ni ò lè jiyàn mọ́, orí mi wú. Nílé tèmi, ẹni tó dàgbà jù ló máa ń jàre. Níwájú pátákó Ọ̀gá Dúró, ọ̀rọ̀ ọjọ́ orí kò sí níbẹ̀.

Lẹ́yìn ọdún Àjíǹde, Ọ̀gá Dúró gba àṣẹ pé òun fẹ́ dá kíláàsì kan sílẹ̀ fún jọ́métírì àti áljébrà tó jinlẹ̀ ju èyí tí gbogbo wa ń ṣe lọ. Àwọn tó bá jókòó nínú rẹ̀ ni yóò lè ṣe ìdánwò tí wọ́n ń kó sínú ọkọ̀ òkun bọ̀ láti ìlú òyìnbó. Ó pe orúkọ ìwọ̀nba díẹ̀ nínú wa. Nígbà tó ní, “Jósẹ́fù,” orúkọ tí mò ń jẹ́ nílé ìwé, mo wo ẹ̀yìn mi bóyá Jósẹ́fù mìíràn wà. Ó ní, “Ìwọ ni mò ń bá wí. Má dá mi lóhùn lónìí. Ọjọ́ Sátidé ni kíláàsì yìí, láti àárọ̀ títí oòrùn á fi yẹ̀ lórí, gbogbo Sátidé títí ọdún á fi parí. Ẹni tó bá pa ọjọ́ kan jẹ, kó má padà wá. Lọ bá àwọn ará ilé ẹ sọ̀rọ̀.” Inú mi dùn títí ó fi fẹ́ máa ṣe mí bí àìsàn. Ẹ̀yìn ìgbà tí mo dé ẹnu ọ̀nà ni mo rántí ohun tí Sátidé jẹ́ fún mi, ẹsẹ̀ mi sì dúró lójú kan.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé àáró fún ẹ̀yin tí ẹ ò fọwọ́ kan ọkọ́ rí. Àwa ọ̀dọ́mọkùnrin márùn-ún tí agbára wa dọ́gba la kó ara wa jọ ní abà wa. Sátidé yìí, gbogbo wa á lọ kọ ebè lóko bàbá èyí. Sátidé tó ń bọ̀, ó di oko bàbá tọ̀hún. Bẹ́ẹ̀ la ó máa yí i ká láti ìgbà ebè títí dé ìgbà oko ríro. A kì í fi owó san àáró, a kì í fi iṣu san án. Òógùn tí mo là lóko rẹ, òógùn náà ni wàá là lóko mi. Ẹni tí kò bá lè wá, kó mú ẹni tó tó o wá rọ́pò ara rẹ̀. Òfin kan tún wà tó ń pa wá lẹ́rìn-ín: ẹni tí ebè tirẹ̀ bá parí kẹ́yìn lọ́sàn-án, Ẹni Ẹ̀yìn lorúkọ rẹ̀ lọ́jọ́ náà. Gbogbo wa á kígbe lé e lórí pé, “Ẹni Ẹ̀yìn, ó yá o!” òun ni yóò sì gbé akèrègbè sọ̀kalẹ̀ lọ sódò láti pọnmi wá fún gbogbo ẹgbẹ́. Kò sí pé ọmọ ta ni ọ́. Bí o bá ṣe ẹ̀yìn, o pọnmi.

Lásún ni olórí wa. Ọ̀rẹ́ mi ni, ilé wọn kọjú sí tiwa. Eyín iwájú rẹ̀ là, ọrùn rẹ̀ ki, ó sì lè kọrin títí ebè á fi tán láìmí. Lọ́dún náà, bí òjò àkọ́rọ̀ ṣe rọ̀, kùkùté igi gún bàbá mi lẹ́sẹ̀, ẹsẹ̀ náà wú, bàbá mi ò lè tẹ̀ ẹ́. Oko ilé Lásún ló kàn nínú àáró. Lásún ní, “Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ ṣe ti bàbá Àjàní.” Wọ́n sì ṣe é. Wọ́n kọ gbogbo oko wa pátá, ebè tó dúró dáadáa, iṣu sì wọlẹ̀ lásìkò. Nítorí náà, nígbà tí Ọ̀gá Dúró pe orúkọ mi, tiwa nìkan ni wọ́n ti ṣe. Ti àwọn yòókù ló kù. Èmi nìkan sì ni ọkùnrin tó lè gbé ọkọ́ nílé wa yàtọ̀ sí bàbá mi, àwọn àbúrò mi ọmọ kékeré ni wọ́n.

Mo sọ ọ́ fún wọn nírọ̀lẹ́ ọjọ́ Ẹtì, nígbà tí a ń jẹ iyán. Ìyá mi ò jẹ́ kí n parí ọ̀rọ̀. Òun ló ti mú kí n wọ ilé ìwé látìbẹ̀rẹ̀, òun ló ń sọ ọ́ káàkiri pé ọmọ òun ń bá òyìnbó ka ìwé. “Ṣé ìyẹn náà tún gba àpérò ni? Kó lọ ni o, Bàbá Jósẹ́fù. Ẹni tí wọ́n yàn láàárín gbogbo àwọn ọmọ yẹn!”

Bàbá mi rọra ń yọ egungun ẹran ọ̀yà lẹ́nu. Èèyàn tí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀ ni, láti ìgbà tí ẹsẹ̀ ti ń dùn ún ló tilẹ̀ wá dákẹ́ jù. Ó ní, “Ta ni ọ̀gá yẹn pè? Ṣé èmi ló pè ni?”

“Rárá, Bàbá. Èmi ni.”

“Ó dáa. Ìwọ ni wàá dáhùn.”

“Ẹ gbọ́ ọ̀rọ̀!” Ìyá mi pòṣé. “Ọmọ tí mo ṣì ń sọ fún pé kó fọ ẹsẹ̀ kó tó wọlé, òun lẹ ní kó dáhùn.”

Bàbá mi ní, “Wọ́n ti kọ oko mi. Mi ò lẹ́nu láti ní kó má lọ sóko àwọn tó kọ ọ́. Mi ò sì lẹ́nu láti ní kó fi ìwé sílẹ̀. Kó wo ara rẹ̀.” Ó fomi wẹ ọwọ́, ó sì dìde. Nígbà tí mo ń kó àwo, Ìyá Àgbà fà mí láṣọ. “Sátidé tí wọ́n ń sọ yìí, ṣé o ò ní máa wálé mọ́ ni?” Mo ní ẹnì kan ò tíì lọ síbì kankan.

Lọ́jọ́ kejì, mo sọ ọ́ fún Lásún lẹ́bàá odò. Ó rẹ́rìn-ín. “Jọ́métírì! Ṣé wọ́n ń jẹ ẹ́ ni?” Mo gbìyànjú láti ṣàlàyé, ó gbọ́ ọ, ó mi orí. Lẹ́yìn náà ó ní, “Ó dáa. Mú ẹni tó tó ọ wá.” Mo ní mi ò ní ẹnì kankan. “Tóò, a jẹ́ pé wàá máa bọ̀ ní Sátidé nìyẹn.” Ó ju òkúta sódò, ó tún ní, “Mi ò bínú o, Àjàní. Àmọ́ bí mo bá jẹ́ kí o lọ lásán, àwọn yòókù á bi mí pé ta ni yóò dá àwọn lóhùn lọ́jọ́ tó bá kan àwọn. Kí ni kí n sọ?” Òtítọ́ ló sọ. Ohun tó dùn mí jù nìyẹn. Ká ní ó bú mi ni, ǹ bá ti bá a jà, ọ̀rọ̀ á sì tán. Gbogbo ọ̀sẹ̀ wọ̀nyẹn, bí mo bá jókòó níwájú ìwé, ebè ni mò ń rí. Bí mo bá dé abà, igun mẹ́ta ni. Mo fẹ́ kíláàsì náà, mi ò sì fẹ́ kí Lásún máa wo ojú mi bí ẹni tó jẹun tí kò wẹwọ́.

Bí mi ò ṣe lọ fún Ọ̀gá Dúró lésì nìyẹn, lòun náà bá gun kẹ̀kẹ́ rẹ̀ wá sí abà wa ní Sátidé kan. Ẹ ò rí àwọn ọmọdé! Láti ojú títì ni wọ́n ti tẹ̀ lé e, wọ́n ń pariwo, ẹrẹ̀ ti ta bo bàtà rẹ̀ dé orúnkún, ó ṣì wọ kóòtù. Ìyá mi sáré gbé omi, ó gbé iṣu gbígbóná fún un. Bàbá mi na ẹsẹ̀ rẹ̀ sórí àpótí, wọ́n kí ara wọn dáadáa. Àwa ẹgbẹ́ àáró náà ṣẹ̀ṣẹ̀ ti oko dé, ọkọ́ ṣì wà léjìká wa, a dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ àgbàlá. Bàbá mi sọ bí ọ̀rọ̀ àáró ṣe rí fún un. Ọ̀gá Dúró gbọ́ ọ dé ìparí, ojú rẹ̀ sì tan bí ẹni tó rí ọ̀nà. Ó ní, “Ṣebí ìyẹn ò le rárá, Bàbá. Èmi máa gba alágbàṣe kan, á máa bá Jósẹ́fù ṣe tiẹ̀ ní gbogbo Sátidé. Èmi ni màá san án lówó.”

Rere ló rò. Ṣùgbọ́n ìyá mi dá ọlọ dúró. Àwọn ẹgbẹ́ mi wo ilẹ̀. Lásún sọ ọkọ́ rẹ̀ kalẹ̀ jẹ́jẹ́, ó dọ̀bálẹ̀, ó ní, “Ẹ jọ̀ọ́ sà, ṣé alágbàṣe lẹ pè wá ni?”

Ọkùnrin tó ń sọ fún gbogbo wa pé ká dúró, òun alára ò dúró lọ́jọ́ náà. Ó wo bàbá mi, bàbá mi ní, “Ẹ ṣeun, Ọ̀gá. Ẹ jẹ iṣu yín kó má baà tutù.” Ibẹ̀ ló ti mọ̀ pé òun ti ba nǹkan jẹ́. Kó tó gun kẹ̀kẹ́ rẹ̀, ó lọ bá Lásún àtàwọn yòókù níbi tí wọ́n dúró sí, ó ní, “Ẹ má bínú. Mi ò mọ̀ ni, mo sáré sọ̀rọ̀.” Ó wá yíjú sí mi. “Sátidé tó ń bọ̀ lọ́hùn-ún la máa bẹ̀rẹ̀, kì í ṣe èyí tó kàn. Bó bá di ọjọ́ Ajé lẹ́yìn èyí tó kàn, fún mi lésì, bó ti wù kó rí.”

Bó ṣe lọ báyìí ni mo mọ ohun tí màá ṣe. Mo lọ bá bàbá mi níbi tó ti ń fi omi gbígbóná jó ẹsẹ̀ rẹ̀. Mo ní, “Bàbá, mo ti dáhùn. Àáró ni màá ṣe.” Ó gbójú sókè wò mí. Ó ní, “O ti dáhùn?” Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó ní ó dáa, ó sì ń jó ẹsẹ̀ rẹ̀ lọ. Mo gba ẹ̀yìn ọgbà iṣu lọ, mo sunkún bí ọmọ ọwọ́. Ewúrẹ́ dúdú yẹn dúró ó ń wò mí, ó ń jẹ iṣu, mi ò tilẹ̀ lé e.

Sátidé tó kàn, oko ilé Lásún, tó fi sẹ́yìn nítorí tiwa, ló wá kàn. Láàárọ̀, mo wà lórí ẹní, Ìyá Àgbà bẹ̀rẹ̀ sí pè wá. “Àkànní!” Kò sí ìdáhùn. “Àkànní o!” Gbogbo wa gbọ́ bí ohùn rẹ̀ ṣe yí. Ó pè é lẹ́ẹ̀kan sí i, mo sì gbọ́ tí ọ̀pá rẹ̀ kan ilẹ̀, ó ti dìde. Ìyá mi ló sáré jáde sí i, ó ní, “Ìyá mi, ẹ fọkàn balẹ̀, ó ti jáde láti ìdájí.” Ó jáde lọ síbo, pẹ̀lú ẹsẹ̀ yẹn? Ìyá mi ò sọ. Mo gbé ọkọ́ mi, mo sáré gba ọ̀nà oko.

Bàbá mi ni mo bá lóko Lásún. Ó dúró láàárín àwọn ọmọ tó lè bí, ó gbára lé ọkọ́, gbogbo wọn sì dọ̀bálẹ̀ gbalaja síwájú rẹ̀. Ó ní, “Ẹ dìde jàre. Ta ni olórí àáró yìí?”

Lásún ní, “Èmi ni, sà.”

“Àjàní ò ní lè máa wá mọ́. Mo mú ẹni tó tó o wá. Wò mí dáadáa. Ṣé mo tó o, àbí mi ò tó o?”

Mo ké láti ẹ̀yìn pé, “Bàbá, mo ti dé! Mo ti dé, Bàbá!” Kò wẹ̀yìn. Òógùn ti bo iwájú orí Lásún, bẹ́ẹ̀ ẹnikẹ́ni ò tíì ṣe iṣẹ́. Ó ní, “Bàbá, ẹsẹ̀ yín…”

“Ọwọ́ ni mo fi ń kọ ebè.”

Lásún wò mí, ó wo ẹsẹ̀ bàbá mi, ó wo oko. Mo mọ ohun tó ń rò. Àgbàlagbà kì í wọ àáró ọmọdé. Mi ò gbọ́ ọ rí, òun náà ò gbọ́ ọ rí. Nígbà tó pẹ́, ó nawọ́ sí poro ebè tó wà lẹ́bàá igi ìrókò, ó ní, “Tiyín nìyẹn, sà.” Bàbá mi dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ bí ẹgbẹ́ ṣe ń dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹgbẹ́, ó tiro lọ síbẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀.

Mo tẹ̀ lé e. Mo ti ń sunkún. “Bàbá, mo ti dáhùn, mo ní àáró ni màá ṣe.” Kò dá ọkọ́ dúró. Ó ní, “O dáhùn, mo gbọ́. Ẹnu rẹ ní àáró ni, mo wo ojú rẹ, kò sọ bẹ́ẹ̀. Àjàní, oko mi làwọn ọmọ yìí kọ, kì í ṣe oko rẹ. Èmi ni mo jẹ iṣẹ́ wọn, èmi náà ni màá ṣe é padà. Ìwọ wá poro tìrẹ lọ sí ibi tí wọ́n ti pè ọ́.” Mi ò gbọ́ kí bàbá mi sọ̀rọ̀ tó gùn tó bẹ́ẹ̀ rí. Mo lọ jókòó sábẹ́ igi, mi ò lè lọ sílé, mi ò sì lè ṣe iṣẹ́.

Lọ́sàn-án, gbogbo wọn ti parí, bàbá mi nìkan ló kù. Wọ́n dúró, wọ́n ń wo ilẹ̀, ẹnikẹ́ni ò kọrin. Ó kọ ebè rẹ̀ tó gbẹ̀yìn, ó na ẹ̀yìn rẹ̀, ó wo ojú gbogbo wọn. Ó ní, “Kí ló dé? Ṣé ẹnu yín ti dì ni? Ta ló ṣe ẹ̀yìn?” Ó tún ní, “Lásún, ìwọ kọ́ ni olórí ni?” Ohùn Lásún fẹ́rẹ̀ má jáde. “Ẹni Ẹ̀yìn, ó yá o.” Bàbá mi bú sẹ́rìn-ín! Ẹ̀rín tí mi ò gbọ́ lẹ́nu rẹ̀ láti ìgbà tí kùkùté ti gún un. Ni gbogbo wọn náà bá bú sẹ́rìn-ín, ni wọ́n bá kígbe lé e lórí bí a ṣe ń ṣe fún ara wa, “Ẹni Ẹ̀yìn! Ẹni Ẹ̀yìn!” Ó gbé akèrègbè, ó ń tiro sọ̀kalẹ̀ lọ sódò. Mo fẹ́ sáré lọ gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Lásún di apá mi mú. Ó ní, “Fi í sílẹ̀. Ó wà nínú àáró.” Nígbà tí bàbá mi gbé omi dé, wọ́n fi ọwọ́ méjèèjì gbà á lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n sì mu ún.

Lọ́jọ́ Ajé, mo lọ bá Ọ̀gá Dúró. Mo ní mo fẹ́ wọ kíláàsì náà. Ó ní, “Dúró. Ta ló ń ṣe tìẹ lóko?” Mo ní, “Bàbá mi ni, sà.” Ó bọ́ gíláàsì ojú rẹ̀, ó nù ún, ó tún un nù. Ó ní kí n lọ jókòó.

Kíláàsì náà le. Èmi ni mo gbẹ̀yìn nínú rẹ̀ fún ìgbà pípẹ́, ọ̀pọ̀ Sátidé ni mo sì rò ó pé màá kó ẹrù mi padà sí abà. Bí mo bá ti rò ó báyìí, màá rí bàbá mi pẹ̀lú akèrègbè yẹn, màá tún tẹjú mọ́ ìwé. Òun náà ò fi àáró sílẹ̀ títí àgbàdo fi gbó. Ìyá mi ní ọkọ òun ti padà di ọmọdé, pé orin àwọn ọmọ ló ń kọ wọlé, bó bá sì ti di ọ̀sán Sátidé, gbogbo abà á mọ ẹni tó lọ pọnmi. Ìyá Àgbà náà ò dẹ́kun pípe mi. Wọ́n sọ fún mi pé láàárọ̀ Sátidé, á pe Àjàní, á dúró díẹ̀, á wá sọ fún ilẹ̀kùn pé, “Ìbàdàn ló wà, ó ti jẹ́ mi,” kó tó bọ́ sórí ẹlòmíràn. Mo ṣe ìdánwò náà nígbà tó yá, mo yege, kì í ṣe pé mo ṣe ohun àrà o. Iṣẹ́ wíwọn ilẹ̀ ni mo fi ṣe lẹ́yìn náà, ó gbé mi lọ sí ibi púpọ̀.

Ibi iṣẹ́ náà ni mo wà nígbà tí bàbá mi kú, arúgbó kùjọ́kùjọ́. Mo dé abà láàárọ̀, bàtà awọ lẹ́sẹ̀, ojú mi wú. Àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì ti yan àwọn tó máa gbẹ́ sàréè rẹ̀. Lásún ti dúró síbẹ̀ ṣáájú wọn, irun rẹ̀ ti funfun, àwọn ẹgbẹ́ wa tó kù láyé wà lẹ́yìn rẹ̀, gbogbo wọn gbé ọkọ́. Ó ní, “Ẹ ṣeun, ẹ máa lọ sinmi. Ẹgbẹ́ wa ni. Àwa la máa gbẹ́ ẹ.” Mo bọ́ bàtà mi, mo bọ́ kóòtù, mo ní kí wọ́n fún mi ní ọkọ́. Lásún wò mí fún ìgbà díẹ̀, ó pín ilẹ̀ náà fún wa bó ṣe máa ń pín ebè, ó fi ọwọ́ han mí ní ibi tèmi. Ọwọ́ mi ti gbàgbé. Kò pẹ́ tó fi bó, èémí mi sì ń já. Nígbà tí mo fi máa gbójú sókè, gbogbo wọn ti parí tiwọn, wọ́n gbára lé ọkọ́, wọ́n ń dúró dè mí. Mo kó yẹ̀pẹ̀ tó kù jáde. Lásún nu ojú rẹ̀ pẹ̀lú ẹ̀yìn ọwọ́, ó wá ní, jẹ́jẹ́, “Ẹni Ẹ̀yìn, ó yá o.”

Mo gbé akèrègbè, mo sọ̀kalẹ̀ lọ sódò.